Ẹ̀wà Tí Màmá Àgbà Gbé Lọ sí Máádì

Màmá Àgbà kì í gbà kí ẹnikẹ́ni jẹun lórí ìdúró. Tí wọ́n bá bá ọ nídìí sínkì pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́, wọ́n á fa àga jáde, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ nu orí rẹ̀ bó tilẹ̀ mọ́, wọ́n á sì dúró tì ọ́ títí wàá fi jókòó. Kò kàn wọ́n bóyá o ti pẹ́ síbi iṣẹ́. Mo ti rí dókítà kan tó wá kí wa nílé, tó jókòó ti ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan bí ọmọ ilé ìwé, nítorí pé ó ti fẹ́ máa jẹ ẹ́ bó ṣe ń jáde lọ.

Nígbà tí à ń múra ìsìnkú wọn, ẹbí ní kí n kọ nǹkan díẹ̀ sínú ìwé ètò ìsìn, nítorí pé èmi ni mo bá wọn gbé kẹ́yìn. Mo kọ ibi tí wọ́n ti bí wọn àti orúkọ àwọn ọmọ wọn. Nígbà tí mo kà á tán, mo rí i pé ó lè jẹ́ ti ìyá àgbà ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe tẹ̀ ẹ́. Oṣù mélòó kan ti kọjá báyìí, àwọn tó wá bá wa dárò ti padà sí ẹnu iṣẹ́ wọn, mo sì ń kọ ohun tó yẹ kí n kọ nígbà náà.

Ìyàwó mi, Fọlákẹ́, ló kọ́kọ́ lọ. Nọ́ọ̀sì ni, ní ilé ìwòsàn kan ní Decatur ní Amẹ́ríkà níbí, àìsàn tó mú un kò sì pẹ́ lára rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí a sin ín, Màmá Àgbà kó ẹrù wọn kúrò nílé Aunty Bọ́sẹ̀, ọmọ wọn obìnrin, ní College Park, wọ́n sì wá sí ilé mi ní Conyers. Wọn ò bi mí bóyá mo fẹ́. Wọ́n kàn ní kí n fi yàrá tí oòrùn máa ń kọ́kọ́ wọ̀ hàn wọ́n.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n bá mi nídìí sínkì yẹn. Mo di àwo ìrẹsì tútù mú. Mi ò jẹ ẹ́, mi ò sì gbé e sílẹ̀. Mo rò pé wọ́n máa ní kí n má sunkún mọ́, nítorí ohun tí gbogbo ènìyàn ń sọ fún mi nìyẹn. Wọ́n fa àga jáde.

"Má sunkún lórí ìdúró," wọ́n ní. "Jókòó kí o sun ún dáadáa."

Wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Tíṣà ni bàbá àgbà mi, kò sì sí bí obìnrin ṣe máa fẹ́ tíṣà ìgbà yẹn tí kò ní gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n èdè ìjọba ni wọ́n kà á sí, wọn kì í lò ó fún ọ̀rọ̀ tó bá ṣe pàtàkì. Yorùbá ni wọ́n fi ń kí gbogbo ayé. Ọkùnrin tó ń gbé ẹrù wá sẹ́nu ọ̀nà wa, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Àwọn tó ń gé koríko, "Ẹ kú oòrùn." Aládùúgbò wa, Miss Gloria, ọmọ Amẹ́ríkà dúdú tó ń ṣe shift alẹ́ ní warehouse kan létí òpópónà I-20, máa ń dé ní kùtùkùtù, Màmá Àgbà á sì ti wà lórí àga wọn níwájú ilé: "Ẹ kú àbọ̀." Kò pẹ́ tí Miss Gloria fi ń dáhùn pé, "Ẹ kú ilé, Mama," pẹ̀lú ohùn tó dára ju ti ọmọ mi lọ.

Ọmọ mi náà, Tèmi, tó ń kàwé ní Decatur, kò lè mú un mọ́ra.

"Grandma, ṣé ẹ mọ̀ pé wọn ò gbọ́ nǹkan tí ẹ ń sọ?"

"Wọ́n gbọ́."

"They don't, Grandma. Wọ́n kàn ń smile ni."

"Kí ni mo fẹ́ kí wọ́n ṣe tẹ́lẹ̀?"

Nínú mọ́tò, awakọ̀ kejì ni wọ́n. Tí a bá wà lórí I-20, tí tírélà kan bá sún mọ́ wa, wọ́n á fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ilẹ̀ mọ́tò mọ́lẹ̀ pátápátá. Mo ní, "Màmá Àgbà, kò sí búrèkì níbẹ̀ yẹn." Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ń tẹ̀ ẹ́ le nìyẹn."

Ìjà wọn kì í pariwo. Wọ́n máa ń rọra gbé ohun tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀ ni, ẹni tó bá mọ̀ wọ́n á sì ti mọ̀ pé ó ti dé. Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, níbi tí àwọn ìyá ti ń jẹ ìpápánu, sister kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn Mùsùlùmí ṣẹ̀fẹ̀, ó ń sín wọn jẹ bí wọ́n ṣe ń kírun, àwọn kan sì ń rẹ́rìn-ín. Màmá Àgbà gbé kọ́ọ̀bù wọn sílẹ̀.

"Ṣé o mọ orúkọ mi?"

"Ẹ̀yin kẹ̀? Mama Rebecca ni."

"Sàlámọ́tù ni. Ìwó ni wọ́n ti sọ mí lórúkọ, alfa ni bàbá mi. Ọkọ ni mo tẹ̀lé dé ṣọ́ọ̀ṣì, mo bá Jésù níbẹ̀, mi ò sì padà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n tó mọ àdúrà kankan, ẹni tí o ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn ti gbàdúrà fún mi."

"Ẹ má bínú, Mama. Eré ni mò ń ṣe."

"Mi ò bínú. Mo kàn ń sọ fún ẹ ni. Ẹni tó bá máa bú bàbá mi, kó má pè mí ní màmá."

Sister yẹn di ọ̀rẹ́ wọn lẹ́yìn náà. Òun ló ń bá wọn di irun títí wọ́n fi lọ.

Ọ̀rọ̀ ọkọ àti ṣọ́ọ̀ṣì yìí ló bí ìjà kan ṣoṣo tí Màmá Àgbà kò mọ bí wọ́n ṣe máa parí rẹ̀. Ìyá wọn kú níbi tó ti bí àbúrò wọn, Múrítàlá. Màmá Àgbà, tí àwọn fúnra wọn ṣì kéré, ló pọn ọmọ náà, tó sì fi ẹ̀kọ wò ó dàgbà. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ tíṣà tí wọ́n sì ṣe ìrìbọmi, ọmọ yẹn ti ń hu irun imú, ó ti ń bá bàbá wọn jókòó nílé kéú. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ àkọ́bí, ìyẹn bàbá mi, Màmá Àgbà se èkuru, nítorí pé kò sí oúnjẹ tí Múrítàlá fẹ́ràn tó o. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀wà bíbó tí a lọ̀, tí a pọ́n sínú ewé, tí a sè láìfi ata àti epo sí i, tí a wá ń fi ata díndín jẹ ni èkuru. Múrítàlá ti àwo náà padà níwájú gbogbo ẹbí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní jẹ nínú ìkòkò yín mọ́."

Kò pẹ́ sí i tó fi lọ sí Íjíbítì láti kọ́ èdè Lárúbáwá. Ó fẹ́yàwó níbẹ̀, ó di olùkọ́ níbẹ̀, kò sì padà wálé gbé mọ́. Èmi náà gbọ́dọ̀ yí ohùn padà báyìí, nítorí pé ọmọ yẹn ti di Bàbá Múrí tí mo mọ̀. Àwọn àti ẹ̀gbọ́n wọn kò yan odì. Nígbà Iléyá, Màmá Àgbà á ní kí a fi fóònù kí wọn. Nígbà Kérésìmesì, ìkíni á ti Kaírò wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìkòkò yẹn wà láàárín wọn bí òkúta ojú ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ti mọ bí wọ́n ṣe ń yà fún un. Ohun kan ṣoṣo ni Màmá Àgbà ń fẹ́: kí àbúrò wọn jẹ oúnjẹ ọwọ́ wọn kí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì tó kú.

Fọlákẹ́ ló dáwọ́ lé ọ̀rọ̀ náà. Òun ló wá Hánà, ọmọbìnrin Bàbá Múrí, rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn méjèèjì sì di ẹni tó ń kọ̀wé síra wọn lójoojúmọ́, tí wọ́n ń fi àwòrán oúnjẹ ránṣẹ́. Wọ́n ti ń mú oṣù tí a máa lọ nígbà tí àìsàn dé. Lẹ́yìn ìsìnkú, mi ò pa fóònù rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, ó dún lórí tábìlì. Hánà ló kọ̀wé sí mi níbẹ̀ pé ó mọ̀ pé ọ̀fọ̀ ṣì wà nílé wa, ṣùgbọ́n bàbá òun kò lágbára bíi tẹ́lẹ̀ mọ́, tí a bá máa wá, kí a má pẹ́. Mo fi Yorùbá kà á fún Màmá Àgbà. Wọ́n ní kí n lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Aunty Bọ́sẹ̀ kò fara mọ́ ọn. Wọ́n ti College Park wá sí Conyers pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì lọ́rùn.

"Màmá, ẹ wo ọjọ́ orí yín. Ẹ̀yin lẹ máa wá fò kọjá òkun lọ bá àbúrò yín?"

"Bàlúù ló ń fò. Ìjókòó ni mo máa jókòó."

"Ẹ̀gbọ́n kì í lọ bẹ àbúrò. Àwọn ló ṣẹ̀ yín. Àwọn ló yẹ kó wá dọ̀bálẹ̀ fún yín, ẹ̀yin náà mọ̀."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀ẹ̀n, ẹ wá jẹ́ kí wọ́n wá."

"Bọ́sẹ̀, tí mo bá dúró de ìdọ̀bálẹ̀ Múrí, ilẹ̀ ló máa bá mi gbà á."

Aunty Bọ́sẹ̀ ló wá ṣètò kẹ̀kẹ́ arọ tí wọ́n fi ti Màmá Àgbà dé ẹnu ọ̀nà bàlúù, àwọn náà ló sì ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bá gbogbo òṣìṣẹ́ wí lójú ọ̀nà.

Ẹrù mi ni báàgì ẹ̀wà tí wọ́n máa fi se èkuru. Ẹ̀wà olójú dúdú ni, Màmá Àgbà fúnra wọn ló ṣà á lórí tábìlì ní Conyers, wọ́n fi ata gbígbẹ àti epo pupa tì í, wọ́n dì í tó bẹ́ẹ̀ tó fi le bí ìrọ̀rí olókùúta. Mo bi wọ́n bóyá kò sí ẹ̀wà ní Íjíbítì ni. Wọ́n ní ó wà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tíì mọ àwọn. Ní pápákọ̀ òfurufú Kaírò, òṣìṣẹ́ kan ní kí n tú u. Ó ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀wà, ó wò mí, ó wo ìyá arúgbó tó wà lórí kẹ̀kẹ́.

"Lúbíà," ó fi Lárúbáwá sọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi," Màmá Àgbà ní. "Ẹ̀wà ni."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì bá mi dì í padà dáadáa ju bí mo ṣe tú u lọ.

Àwọn tó bá lọ sí Kaírò, pírámíìdì ni wọ́n ń wá. Kò sẹ́ni tó ń béèrè Máádì, níbi tí Bàbá Múrí ń gbé. Apá gúúsù ìlú ló wà, létí odò Náílì, ọkọ̀ ojú irin ló gbé wa dé ibẹ̀ láti àárín ìlú. Tí ènìyàn bá ti jáde ní ibùdókọ̀, ariwo Kaírò á dín kù. Àwọn igi ńlá fi orí kan ara wọn lókè títì, wọ́n sọ ọ́ di ibòji. Ológbò sùn sórí mọ́tò. Ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ kọjá pẹ̀lú àtẹ búrẹ́dì gbọọrọ lórí, ọwọ́ kan ló fi di kẹ̀kẹ́ mú. Màmá Àgbà ní kí n dúró kí wọ́n wò ó títí tó fi yà. "Ọ̀gá ni," wọ́n ní.

Bàbá Múrí wà nínú yàrá àlejò nígbà tí a wọlé. Àga tó kọjú sí ìlẹ̀kùn ni wọ́n jókòó sí, wọ́n dé fìlà funfun, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá. Wọ́n tiraka dìde. Hánà di ìgúnpá wọn mú. Orúnkún wọn fẹ́ tẹ̀ díẹ̀, n kò mọ̀ bóyá ìkíni ni tàbí ọjọ́ ogbó.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Múrí."

Báàgì ẹ̀wà wà ní èjìká mi. Mo ti ń retí ọ̀rọ̀ tí Màmá Àgbà máa sọ láti Conyers, mo tiẹ̀ rò pé wọ́n á sunkún. Wọ́n wo yàrá náà yí ká, wọ́n wo tábìlì.

"Ebi ń pa mí," wọ́n ní. "Kí lẹ sè?"

Adìyẹ ni Hánà sè, pẹ̀lú ọbẹ̀ ewé kan tó ń yọ̀. Màmá Àgbà fi búrẹ́dì gbé e, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n yíjú sí mi.

"Ewédú ni. Ta ló kọ́ wọn?"

"Ẹ bá kúkú bi mí ta ló kọ́ àwa," Bàbá Múrí ní láti orí àga wọn. Ọ̀rọ̀ kejì tí wọ́n sọ nìyẹn. Màmá Àgbà jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì na àwo fún Hánà kó tún bù sí i.

Mo rò pé lọ́jọ́ kejì ni wọ́n máa wọ ilé ìdáná. Wọn ò wọ̀ ọ́. Wọ́n jẹ ẹ̀wà ńláńlá tí àwọn ará Íjíbítì ń fi òróró àti òróǹbó wẹ́wẹ́ jẹ láàárọ̀. Wọ́n jẹ ìrẹsì tí a dì sínú ewé. Wọ́n jẹ ẹja odò. Wọ́n ń yin ọwọ́ Hánà ní Yorùbá, Hánà tí kò gbọ́ ju "ẹ ṣé" lọ sì ń pọ́n bí iná. Lálẹ́, báàgì ẹ̀wà náà wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, bí mo ṣe gbé e sí.

"Màmá Àgbà, ẹ̀wà ńkọ́?"

"Ẹ̀wà kì í sá lọ."

"Ṣùgbọ́n nítorí ẹ̀ la ṣe wá. Ẹ jẹ́ kí n ní kí Hánà fi ìkòkò lé iná fún yín lọ́la."

"Ẹni tó ti ní òun ò jẹ oúnjẹ mi, tí mo bá wá rù ú dé ilé ẹ̀ lọ nà án sí i lójú, ìjà ni mo gbé wá." Wọ́n ń tú gèlè wọn, wọn ò wò mí. "Jẹ́ kí n jẹ tiẹ̀ ná. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni nílé wa ti jẹ tiẹ̀."

Mi ò ronú sí i bẹ́ẹ̀ rí. Nínú gbogbo ìtàn tí a máa ń sọ nílé, ẹni tó kọ oúnjẹ ni Bàbá Múrí. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá ẹnì kankan nínú ẹbí ti jókòó síbi oúnjẹ wọn láti ìgbà náà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, èmi àti Màmá Àgbà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan tó wà létí odò níbẹ̀, tó ní àtẹ̀gùn òkúta tó sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú omi. Àwọn ará ibẹ̀ ní ibẹ̀ ni Jósẹ́fù ti gbé Màríà àti ọmọ wọ ọkọ̀ nígbà tí wọ́n sá fún Hẹ́rọ́dù. Màmá Àgbà bi mí ta ló fún wọn lóúnjẹ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi wà nílẹ̀ àjèjì. Mo ní Bíbélì kò sọ.

"Wò ó. Ẹni yẹn ló yẹ kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀."

A jókòó lórí bẹ́ǹṣì létí odò lẹ́yìn náà. Àwọn ọkọ̀ onígbòkun funfun ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Mo bi wọ́n kí ni wọ́n rí sí odò Náílì, nítorí pé létí odò Ọbà ni wọ́n ti dàgbà, ará Ìwó kì í sì gbàgbé ìyẹn. Wọ́n wò ó dáadáa. "Ó tóbi," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n Ọbà ló mọ̀ mí." Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n tún ní, "Fọlákẹ́ tó mú wa wá síbí ò sí níbí."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Jẹ́ ká wò ó fún un."

A wò ó títí oòrùn fi ń tutù.

Gbogbo ọjọ́, lẹ́yìn ìrun Àsárì, Bàbá Múrí máa ń rìn dé etí odò yìí kan náà. Nígbà tí ọjọ́ tí a máa padà ti ń súnmọ́lé, Màmá Àgbà ní kí n mú àwọn lọ bá wọn níbẹ̀. Àwọn àgbà méjèèjì jókòó, èmi dúró lẹ́yìn wọn. Wọ́n ti sọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ odò, wọ́n ti sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ ríro. Bàbá Múrí fi ọ̀pá ha ilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Mò ń gbọ́."

"Látìgbà tí ẹ ti dé, ẹ ò tíì wọ ilé ìdáná."

"Hánà mọ oúnjẹ sè."

"Mi ò ní kò mọ̀ ọ́n sè. Ẹ kàn ń jẹ wá bí eéṣú ni."

"Oúnjẹ yín dùn. Kí ni kí n ṣe?"

Bàbá Múrí fi orí júwe mi láìyíjú. "Kí ló wà nínú báàgì tí ọmọ yìí gbé sẹ́yìn ìlẹ̀kùn mi?"

"Ẹ̀wà ni."

"Ẹ̀wà kí ni?"

"Ẹ̀wà tó ń dúró de ẹni tó máa béèrè rẹ̀."

Ọkọ̀ kan yí ìgbòkun rẹ̀ padà ní àárín odò. Àwọn méjèèjì wò ó bí ẹni pé nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe jáde.

"Mo ti béèrè," Bàbá Múrí ní, ohùn wọn kò fi bẹ́ẹ̀ jáde.

"Mi ò gbọ́, Múrí. Etí mi kì í ṣe ti àná mọ́."

Bàbá Múrí gbé ohùn sókè tó bẹ́ẹ̀ tí tọkọtaya kan tó ń kọjá fi yíjú wò wá.

"Mo ní èkuru ni mo fẹ́ jẹ."

"Ó dáa," Màmá Àgbà ní. Wọ́n na ọwọ́ sí mi kí n gbé wọn dìde. "Ṣé ewé wà níbí?"

Ewé eéran kò sí ní Máádì. Hánà lọ bá aládùúgbò tó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú ọgbà rẹ̀, ó sì gbé ewé wọlé tó bẹ́ẹ̀ tó fi bo ojú rẹ̀. A rẹ ẹ̀wà, èmi àti Hánà bó o, a fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́. Màmá Àgbà jókòó sórí àga láàárín ilé ìdáná, wọ́n ń fi ọwọ́ pò ó sókè sódò, wọ́n ń sọ fún Hánà ní Yorùbá bí wọ́n ṣe ń mọ̀ tó bá ti fúyẹ́, Hánà sì ń fi orí dá wọn lóhùn. Kò pẹ́ tí ọ̀pá fi kan ilẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọn kọ́ nìyẹn," Bàbá Múrí ní.

"Nígbà tí mò ń pọ́n ọn fún ẹ, eyín mélòó ló wà lẹ́nu ẹ?"

"Ó ju iye tó wà níbẹ̀ báyìí lọ."

Wọ́n jọ bú sẹ́rìn-ín, ìyẹn ni ẹ̀rín tí mo kọ́kọ́ gbọ́ láàárín àwọn méjèèjì. Ẹ̀rín wọn jọra. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rín Màmá Àgbà ní èkejì láyé.

Nígbà tí èkuru jinná, Màmá Àgbà fúnra wọn ló tú ewé, tó bu ata díndín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó gbé àwo síwájú àbúrò wọn. Hánà dúró lẹ́nu ilé ìdáná pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́. Bàbá Múrí wo àwo náà. Wọ́n wò ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀.

"Bìsìmílàhì," wọ́n ní.

"Àmín," Màmá Àgbà ní.

Bàbá Múrí jẹ ẹ́. Wọn ò dáwọ́ dúró títí àwo fi mọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n tì í kọjá lórí tábìlì, sí ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn.

"Ẹ bù sí i fún mi."

Màmá Àgbà bù sí i. Wọn ò jẹun ní ọjọ́ yẹn, wọ́n ní àwọn ti yó. Nígbà tí a wà lórí bàlúù, mo bi wọ́n bóyá Bàbá Múrí tọrọ àforíjì nígbà tí èmi kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti di ara wọn mọ́ àga, wọ́n ti ń wá búrèkì.

"Ó béèrè ẹlẹ́ẹ̀kejì," wọ́n ní. "Kí lo tún fẹ́ kó sọ?"

Ojú oorun ni Màmá Àgbà gbà lọ ní ọdún tó tẹ̀lé e, nínú yàrá oòrùn òwúrọ̀. Èmi ni mo pe Máádì. Bàbá Múrí ní Ọlọ́run ló ni wá, ọ̀dọ̀ rẹ̀ la sì ń padà sí. Lẹ́yìn náà, Hánà gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Mi ò tún gbúròó wọn títí ìsìnkú fi kọjá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, wọ́n pè mí fúnra wọn.

"Mo ṣe sàárà fún ẹ̀gbọ́n mi."

"Sàárà, Bàbá?"

"Èkuru ni. Hánà ló sè é. A pín in fún gbogbo àdúgbò, àwọn aṣọ́nà, àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi, olówó, tálákà. Ẹnì kan ní kò yẹ kí n ṣe sàárà fún ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní Ọlọ́run ló máa dá ẹjọ́ yẹn, kó jẹun."

"Ó jẹ ẹ́?"

"Ó jẹ ẹ́. Gbogbo wọn ló jẹ ẹ́. Wọ́n ní iyọ̀ rẹ̀ pọ̀."

"Kí lẹ wá sọ fún wọn?"

"Mo ní bí wọ́n ṣe ń sè é nílé wa nìyẹn."